Ìjàpá Oníṣòwò Ìtìjú

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóó, kò dá lórí ẹnikẹ́ni tó jókòó síbí. Ó dá lórí Ìjàpá tìrókò, ọkọ Yánníbo. Bí ara bá ta ẹnì kan, kí onítọ̀hún yẹ igbá ọjà rẹ̀ wò.

Ìlú àwọn ẹranko kan wà lókè òkun. Odò ńlá kan là á já. Ihò abẹ́ ilẹ̀ ni àwọn ará ibẹ̀ ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Àwọn baba ńlá Òkété ló ṣí ihò náà lọ́dún 1863, àwọn ọmọ Òkété sì ń gbẹ́ ẹ lọ títí di òní. Bí ilẹ̀ bá mọ́, gbogbo ẹranko á rọ́ wọnú ilẹ̀. Wọn á há gádígádí, imú ẹni yìí ní abíyá ẹni yẹn. Kò sí ẹni tí ń kí ẹnìkejì. Ògiri ni kálukú ń tẹjú mọ́. Ẹ̀yin ẹ ṣáà máa rántí ògiri yẹn.

Erin ń gbé nílùú yìí. Orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Bó bá ń gun àtẹ̀gùn ihò, á dúró lẹ́ẹ̀mẹta, á fi ọwọ́jà rẹ̀ ti ògiri, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ó gbọ̀nà ilé Òwìwí oníṣègùn lọ. Òru ni Òwìwí ń gba aláìsàn. Ẹni tó bá dé lọ́sàn-án, oorun rẹ̀ ló máa bá. Òwìwí wé ọ̀já mọ́ Erin lẹ́sẹ̀, ó fún atẹ́gùn sí i, ọ̀já le kankan. Ó tú u. Ó wò ó, ó tún un wò.

"Ìyá Erin, ẹ̀jẹ̀ yín ń ru. 150 lórí 95 ni mo rí."

"Yéè! Ṣé mo kú nìyí?"

"Ẹ ò kú. Ẹ dín iyọ̀ kù. Ẹ máa rìn, ìṣẹ́jú 30 lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀."

"Ṣé kí n rìn títí n ó fi rí bí Ẹtu ni?"

Òwìwí yí ojú rẹ̀ ńláńlá po. "Ta ló ní kí ẹ rí bí Ẹtu? Erin ni yín. Bí ìdá kan péré nínú ogún bá lọ lára yín, ẹ̀jẹ̀ á ti máa wálẹ̀. Bí kò bá tilẹ̀ lọ, ẹ ṣáà máa rìn. Ọkàn yín ló ń jẹ èrè ẹ̀."

Ni Erin bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn létí odò ní ìdájí. Erinmi bá a. Ẹlẹ́dẹ̀ bá a, nítorí pé ìtọ̀ ṣúgà ń yọ ọ́ lẹ́nu. Wọ́n ń rìn, wọ́n ń ṣòfófó. Kí wọ́n tó dé ìdí afárá, wọ́n ti tú ọ̀rọ̀ ilé gbogbo ará ìlú palẹ̀. Lọ́jọ́ kan Erin gun àtẹ̀gùn ihò, ó dé òkè, ó bojú wẹ̀yìn. Ó ń wá ibi tó ti dúró sinmi. Kò dúró níbì kankan. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún un gùn, kó lè dá a lójú.

Ìjàpá wà lórí òkúta kan ní gbogbo àsìkò yìí. Gbèsè ló ń sá fún. Ó jẹ Òkété lówó ilé, ó jẹ Àparò lówó àgbàdo, ó jẹ Yánníbo lówó orí. Ó wo àwọn tó ń rìn lọ. Ó wò wọ́n bọ̀. Ó pe ìyàwó rẹ̀.

"Yánníbo, èló ni àwọn yìí san kí wọ́n tó máa rìn?"

"Wọn ò san kọ́bọ̀, ọkọ mi."

"Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn. Ewé àsúnwọ̀n tí ìyá rẹ fi ránṣẹ́ láti ilé dà?"

"Ó wà lókè àjà. Ṣé inú kì yín ni?"

"Inú mi ò kì. A ó gún un. A ó rọ ọ́ sínú ike tó ń dán. Tíì Ìbàdí ni n ó máa pè é."

Yánníbo kọ háà. "Ta ni yóò rà á? Inú àwọn náà ò kì."

"Inú wọn ò kì, ṣùgbọ́n ojú lè tì wọ́n. Ẹni tí ara rẹ̀ kò tì lójú kì í ra oògùn ara. Ìtìjú ni n ó kọ́kọ́ pín fún wọn. Ọ̀fẹ́ ni. Oògùn rẹ̀ ni wọn yóò wá fi owó rà."

"Kí ni àwọn obìnrin yìí fi ṣe yín?"

"Wọn ò fi nǹkan kan ṣe mí. Oníbàárà mi ni wọ́n."

Ìjàpá ránṣẹ́ sí Ẹtu. Ìbàdí Ẹtu kò ju ẹ̀kún ọwọ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìyá ìyá rẹ̀. Kò tọ́ àsúnwọ̀n wò rí láyé. Ìjàpá ránṣẹ́ sí Alágẹmọ, pé kó wá ya àwòrán. Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, Ẹtu jẹ iyán, ó mu omi lé e, ó sọ ikùn síwájú, ó fajú ro. Alágẹmọ yà á. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: "Kó tó mu Tíì." Ilẹ̀ mọ́, Ẹtu kò tíì fẹnu kan nǹkan. Ó fa ikùn wọlé, ó nàró, ó rẹ́rìn-ín. Alágẹmọ tún yà á. "Lẹ́yìn tó mu Tíì." Òru kan ṣoṣo ló wà láàárín àwòrán méjèèjì. Ìjàpá kọ ọ́ gàdàgbà pé ọjọ́ 28 ni.

Kò tán síbẹ̀ o. Ìjàpá wo àwòrán Ẹtu, ó ní, "Alágẹmọ, ìbàdí yìí ṣì tóbi."

"Ìbàdí Ẹtu yìí?"

"Gé e sí i."

Alágẹmọ gé e sí i. Ó dán itan, ó fa ọrùn. Nígbà tí wọ́n gbé pátákó náà jáde, Ẹtu lọ wò ó. Ó wo ara rẹ̀ lójú pátákó. Ó sáré dé etí odò, ó wo ara rẹ̀ nínú omi. Àwọn méjèèjì kò bára mu. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó gba ẹ̀yìnkùlé Ìjàpá wọlé, ó ra ike Tíì méjì.

Ọdún wo nìyẹn? Ọdún 2015 ni, ẹ má ní èmi ni mo sọ. Nílùú yẹn, oòrùn kì í pẹ́. Bó bá ti yọ báyìí, gbogbo ẹranko á bọ́ aṣọ òtútù, wọn á forí lé etí omi. Ìgbà tó ku díẹ̀ kí oòrùn yọ ni Ìjàpá gbé pátákó rẹ̀ sára ògiri gbogbo ẹnu ihò. Ó kùn ún ní àwọ̀ ìyeyè, kó lè máa gún ojú nínú òkùnkùn. Ẹtu dúró láàárín, aṣọ ìwẹ̀ pénpé lára rẹ̀. Gbólóhùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ:

ẸRANKO, ṢÉ ARA RẸ TI TÓ GBÉ LỌ SÓDÒ?

Ẹ kíyè sí ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ Ìjàpá. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè ló bi wọ́n. Ẹni tó bá dáhùn, òun ló fẹnu ara rẹ̀ bú ara rẹ̀.

Ó wá háyà àwọn Ayékòótọ́. Wọ́n bà sí ẹnu ihò kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù ń pariwo pé, "Èmi náà ń mu ún! Bí ẹ bá dé ìsọ̀, ẹ dárúkọ mi, wọn á dín owó kù fún yín!" Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé orin:

Lílé: Òròbó, níbo lò ń lọ?
Ègbè: Tẹ́ẹ́rẹ́ jẹ́ńjẹ́!
Lílé: Ikùn rẹ ti ṣíwájú débẹ̀,
Ègbè: Tẹ́ẹ́rẹ́ jẹ́ńjẹ́!
Lílé: Ihò ò gbà ọ́, yà sẹ́gbẹ̀ẹ́,
Ègbè: Tẹ́ẹ́rẹ́ jẹ́ńjẹ́!
Lílé: Ra tíì mi kó o tó kọjá,
Ègbè: Tẹ́ẹ́rẹ́ jẹ́ńjẹ́!

Ẹ gbè é dáadáa. Orin náà dùn, àbí kò dùn? Àwọn ọmọdé ìlú náà ń kọ ọ́ níléèwé.

Ìdájí ọjọ́ kejì, Erin ń bọ̀ láti etí odò. Òógùn bò ó, ẹrẹ̀ dé e lórúnkún. Inú rẹ̀ dùn. Ó dé ẹnu ihò, ó bá pátákó pàdé. Ó kà á. Ó wo Ẹtu, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Àwọn Ọ̀kẹ́rẹ́ méjì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀kan fi ìgúnpá gún èkejì. Wọn kò sọ nǹkan kan, ẹ̀rín ni wọ́n fi imú rín, fín-ín. Erin gbọ́ ọ. Etí Erin kì í ṣe etí kékeré.

Kò wọ ihò lọ́jọ́ náà. Ó gba ọ̀nà ẹ̀yìn, ó rìn jìnnà, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Lọ́jọ́ kejì, Erinmi kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ìdájí. Erin ní orí ń fọ́ òun. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní òun sùn gbàgbé. Lọ́jọ́ kẹrin, Erinmi náà kò wá mọ́, nítorí pé òun náà ti ka pátákó. Ẹlẹ́dẹ̀ nìkan ló dé etí odò. Ó dúró títí. Òun nìkan ò lè rìn, ó padà sílé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dun èmi apàlọ́ nìyí. Àwọn tí ara wọn le koko, tí wọ́n ń sáré lọ sáré bọ̀, wọ́n ka pátákó, wọ́n kọjá lọ. Àwọn tí Òwìwí dìídì rán lọ sódò gan-an ni pátákó lé kúrò lódò.

Erin há ara rẹ̀ mọ́lé. Lọ́sàn-án, kò jẹun. Ó ní òun ń gbààwẹ̀ ìbàdí. Bó bá di òru, tí gbogbo ilé ti sùn, á yọ́ lọ sí ilé ìdáná. Á jẹ odindi àpò ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, á jẹ búrẹ́dì, á lá ìsàlẹ̀ ìkòkò ọbẹ̀. Kò tan iná. Ojú á tún tì í, ìtìjú yẹn á tún mú ebi wá. Ní àárọ̀, ó ránṣẹ́ lọ ra Tíì Ìbàdí.

Ó mu ún. Háà! Àsúnwọ̀n kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni. Erin lọ ilé ìgbẹ́, ó bọ̀, ó lọ, ó bọ̀. Nígbà tó yá kò bọ̀ mọ́, ó kúkú jókòó síbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó gun òṣùwọ̀n. Òṣùwọ̀n wálẹ̀! Erin hó yèè. Ó mu omi lálẹ́, ó jẹ ẹ̀kọ, ó tún gun òṣùwọ̀n. Ó ti padà síbi tó wà. Omi ara ló ti ń dà nù látàárọ̀. Ọ̀rá jókòó sí àyè rẹ̀, kò tilẹ̀ gbọ́ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Erin ní bóyá òun kò mu ún tó. Ó mu ti ọ̀sẹ̀ kejì. Iyọ̀ ara bá omi lọ. Iṣan ẹsẹ̀ ń dì í lóru, ọkàn ń lù ú kìkìkì. Lọ́jọ́ kan ó fẹ́ dìde, òòyì kọ́ ọ, ó ṣubú gbì. Gbogbo àdúgbò rò pé ihò Òkété ló wó.

Wọ́n pe Òwìwí. Òwìwí wé ọ̀já. 175 lórí 105.

"Ìyá Erin, ẹsẹ̀ tí ẹ fi ń rìn ní ìdájí dà?"

"Ojú ń tì mí ni."

"Ojú ta ni?"

Erin nawọ́ sí ìta. Ayékòótọ́ ń kọrin lọ́wọ́.

Erinmi ló kọ́kọ́ bínú. Bí Erinmi bá bínú, ẹ fi ọ̀nà sílẹ̀. Ó bọ́ sínú ẹrẹ̀, ó bọ́ sí ẹnu ihò, ó fi ẹrẹ̀ kọ ọ́ gàdàgbà sójú pátákó pé, "ARA TÓ O NÍ NI KÓ O GBÉ LỌ." Ẹlẹ́dẹ̀ kọ tirẹ̀ sí pátákó kejì; èyí tó kọ kò ṣeé sọ níwájú ọmọdé. Ẹranko tó lé ní 70,000 tẹ ẹsẹ̀ sí ìwé pé kí wọ́n gbé pátákó náà kúrò. Àwọn mìíràn bọ́ sí aṣọ ìwẹ̀, wọ́n pé jọ sí pápá ńlá àárín ìlú: ẹni sísanra, ẹni tínrín, ẹni ẹsẹ̀ kan, àgbà, ọmọdé. Ẹranko 378 kọ̀wé ẹ̀sùn, wọ́n gbé e lọ bá ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ohun tí a fi ń polówó ọjà.

Ìjàpá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní bí ojú bá ń ti ẹnì kan, ẹjọ́ òun kọ́. Ó ní àwọn aláriwo yẹn gan-an ló ń bá òun kiri ọjà.

Àwọn Ìgbín ni ìgbìmọ̀. Wọ́n gbé ìwé ẹ̀sùn náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí ilé ẹjọ́. Oòrùn yọ, wọ́n ń rìn. Pátákó lo gbogbo ọjọ́ tí Ìjàpá san owó rẹ̀, ó pé, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Àwọn Ìgbín ṣì ń rìn. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n dá ẹjọ́ báyìí: ìbéèrè tó wà lójú pátákó kì í ṣe èébú, ìyẹn kò ṣẹ̀ sófin, ṣùgbọ́n Ìjàpá kò rí ẹ̀rí mú wá pé tíì ń mú ara fúyẹ́ bó ṣe wí, nítorí náà kí ó má gbé pátákó náà jáde mọ́. Pátákó tó ti kúrò nílẹ̀! Ẹni tí Ìgbín bá ń gbèjà rẹ̀, kó yáa mú oúnjẹ ọ̀nà dání.

Ǹjẹ́ Ìjàpá jáwọ́? Ó ti tọ́ oyin wò. Ó ní àwọn òròbó ti rà tán, ó ku àwọn lẹ́pa. Ó gbé pátákó mìíràn jáde. Lékèélékèé ló bi ní ìbéèrè lọ́tẹ̀ yìí: "ÌDÍ RẸ DÀ?" Tíì Ìdí Ńlá ló wà nínú ike. Àsúnwọ̀n kan náà ni. Lékèélékèé ra tirẹ̀, Ẹtu ra tirẹ̀. Ẹtu ń mu ti ìbàdí láàárọ̀, ó ń mu ti ìdí lálẹ́. Ẹ bá mi wo ayé.

Ó di ọdún 2016. Ìlú náà yan baálẹ̀ tuntun, Ọmọ Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Bàbá rẹ̀ fi gbogbo ayé rẹ̀ gbé èrò ni. Baálẹ̀ náà ní ọmọbìnrin méjì nílé, àwọn méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàlágà, ó sì mọ orin tí wọ́n ń kọ nínú ilé. Kò dúró de Ìgbín. Ó ní èmi ni mo ni ihò, pátákó tó bá ń mú kí ọmọ kórìíra ara rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú ihò mi mọ́.

Lọ́jọ́ tí àṣẹ náà máa mú, Ìjàpá gbọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn tó jẹ ní gbèsè ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ lọ. Ó kó gbogbo owó tó pa, ó tì í sínú ìkarahun rẹ̀, sí ìhà ọ̀tún, sí ìhà òsì, sí abẹ́ ọrùn. Ilẹ̀kùn ihò ńlá ti tì lóru, ó fẹ́ gba ihò kékeré tí àwọn ọmọ Òkété ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sá lọ. Ó ki orí bọ ẹnu ihò, orí wọlé. Ó ki ọwọ́, ọwọ́ wọlé. Ó ki ara. Ara kọ̀. Ó fẹ́ padà, ara tún kọ̀. Ó há.

Ilẹ̀ mọ́ bá a níbẹ̀. Gbogbo ẹranko tó ń lọ síbi iṣẹ́ dé, wọ́n bá ìdí Ìjàpá ní ẹnu ihò. Ọmọ Ọ̀kẹ́rẹ́ kan, ọmọ ọdún méje, ló dá orin sílẹ̀:

Lílé: Ìjàpá, níbo lò ń lọ?
Ègbè: Tẹ́ẹ́rẹ́ jẹ́ńjẹ́!
Lílé: Ìdí rẹ kọ̀, kò wọlé,
Ègbè: Tẹ́ẹ́rẹ́ jẹ́ńjẹ́!
Lílé: Ihò ò gbà ọ́, yà sẹ́gbẹ̀ẹ́,
Ègbè: Tẹ́ẹ́rẹ́ jẹ́ńjẹ́!

"Ẹ gbà mí!" ni Ìjàpá ń ké nínú ihò.

Ẹlẹ́dẹ̀ dáhùn. "Bàbá Ìjàpá, ṣebí ara yín ló sanra jù. Tíì yín wà lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ 28 péré."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún mi!"

"Kí ló dé? Ṣé kò dára ni?"

Ìjàpá ò lè ní kò dára, gbogbo oníbàárà ló ń gbọ́. Ó ní ó dára. Wọ́n gba òdìkejì ihò, ibi tí orí rẹ̀ wà, wọ́n gbé ife kan kò ó lẹ́nu. Ó mu ún. Wọ́n gbé ìkejì. Wọ́n gbé ìkẹta. Ẹ̀yin ará, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìhà ibi tí ìdí wà, n ò ní ròyìn rẹ̀; àwọn mìíràn nínú yín ò tíì jẹun. Kí ẹ ṣáà mọ̀ pé gbogbo nǹkan tó wà nínú Ìjàpá jáde, ìkarahun rẹ̀ kò sì fi ìbú ìka kan dín. Egungun ni. Tíì wo ló ń mú egungun jò?

Ìgbà tó di ọ̀sán ni Erin dé. Ó ti ń rìn padà, díẹ̀díẹ̀, Òwìwí sì ti rí 140 lórí 90. Ó bi Ìjàpá pé, "Kí lo tì sínú ìkarahun?"

"Ara mi ni!"

"Ó ń dún woroworo."

Erin fi ọwọ́jà gbá a lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn mú, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n. Owó bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Ó gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì, owó ń rọ̀. Òkété mú owó ilé, Àparò mú owó àgbàdo, Yánníbo mú owó orí rẹ̀, ó ká a mọ́ ìdí ìró, kò wo ẹ̀yìn. Àwọn tó ra tíì pín ìyókù. Bí owó ṣe tán lára Ìjàpá, ihò gbà á geerege. Ó wọ inú rẹ̀ lọ láìdágbére.

Wọ́n wá yíjú sí Ayékòótọ́. Wọ́n ní, ìwọ tí ò ń pariwo pé ò ń mu ún, kí ni wàá sọ?

Ayékòótọ́ ní, "Èmi? Mo ní mò ń mu ún ni. Ta ló ní mo mu ún?"

Wọ́n fẹ́ lé e, ó ti fò lọ. Nígbà tí èmi ń kúrò nílùú yẹn, mo rí i létí odò, ó ti rí iṣẹ́ mìíràn lọ́dọ̀ Ọ̀nì. Ìpara ni Ọ̀nì ń tà. Ó ní awọ gbogbo ẹranko ìlú náà ti le jù.